Obì Inú Agolo Màámi

Mọ́ńdè, 6 oṣù kìíní

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀ léra:

Ìró Màámi kan tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé obì, níbi tí a kì í sá aṣọ sí. Omi ṣì ń kán létí rẹ̀.

Ẹní ìkírun wọn ní kíká lórí àpótí. Okùn tí mo fi dì í ní Tọ́sìdè ṣì wà lára rẹ̀.

Búta àlùwàlá, gbígbẹ. Aláǹtakùn ti ta okùn kan láti ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri.

Màámi fúnra wọn, lórí ìjókòó kékeré níwájú agbọ̀n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ìbàdí mú, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa obì.

Obì mẹ́ta tí kòkòrò ti lu, nínú agbọ̀n tí wọ́n ti ṣà tán. Màámi kì í gbàgbé obì tó lu sínú agbọ̀n.

Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo jù wọ́n nù. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè Kareemat àbúrò mi ti là.

Tọ́sìdè, 9 oṣù kìíní

Mo bi wọ́n lónìí nígbà tí a ń pààrọ̀ ewé inú agbọ̀n. Mo ní, "Màámi, ẹ ò kírun láti ọjọ́ mélòó kan."

Wọn ò gbójú sókè. "Àlejò obìnrin ló wà lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ̀yin, Màámi?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti di ọkùnrin ni?"

Ọdún tí Bàbá kú ni àlejò yẹn ti dágbére fún wọn. Ó di ọdún kẹfà. Mo mọ̀ nítorí pé wọ́n kó páàdì tó ṣẹ́ kù fún mi, wọ́n ní, "Gbà, ìyá rẹ ti fẹ̀yìn tì." Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kì í ṣàdédé padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Àlájà Moríyọ̀ dé, ọ̀rẹ́ Màámi nínú àsàláátù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí Màámi fi jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọn kì í bá ara wọn sọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá Lìádì, ara yín ṣì tutù bí ewé gbòdògí. Àwa tá a kéré ti ń gbẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ fún yín."

"Gbẹ́nu dákẹ́, Moríyọ̀. Àwọn ọmọ wà ńlé."

Ṣùgbọ́n inú Màámi dùn sí i. Mo rí i lójú wọn nígbà tí wọ́n wọlé.

Jímọ̀, 10 oṣù kìíní

Agolo mílíìkì kan wà lórí pẹpẹ nínú ilé obì. Nínú Rámádánì tó kọjá, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí Màámi kò lè gba ààwẹ̀, obì kan ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé iye ọjọ́ tí wọn yóò san padà. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí obì tó lè sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Mẹ́sàn-án ló wọlé. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjì, wọ́n yọ obì méjì, a sì jùmọ̀ jẹ ẹ́. Ó ku méje. Láti ìgbà náà, "Mọ́ńdè tó ń bọ̀" ni. Tí Mọ́ńdè bá dé, àlejò á ti dé ṣáájú rẹ̀.

Mo ṣí agolo náà lónìí. Obì méje, gbígbẹ, dúdú, ìyẹ̀fun kòkòrò ní ìsàlẹ̀. Mo jókòó, mo ka oṣù. Ó ti lé ní mẹ́wàá.

Mo rí gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Mo rí obì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìró tí wọ́n ń fọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé ojú mi mú, pé kò sí obì tó lu tó lè kọjá lọ́wọ́ mi. Mo rí i, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Mọ́ńdè, 13 oṣù kìíní

Òórùn kan wà lára ìró tí mo bá nínú korobá. Mi ò ní kọ bó ṣe rí síbí.

Mo sọ fún Màámi pé mo fẹ́ lọ ra ọṣẹ. Ilé ìlera ni mo lọ. Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́, tó ń ti Ìkẹ́nnẹ́ wá síṣẹ́ lójoojúmọ́, ló gún Kareemat lábẹ́rẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbé bírò wọn sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ló ti dáwọ́ dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti lọ fún ọdún mẹ́fà kì í padà wá kíni lásán. Mú wọn wá. Má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ra ọṣẹ náà nígbà tí mò ń bọ̀, kí n má baà di onírọ́.

Túsìdè, 14 oṣù kìíní

Màámi ní àwọn ò ní ṣí aṣọ níwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní ẹnu mi tí kì í là, ṣé orí ọ̀rọ̀ àwọn ló wá fẹ́ là sí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Lìádì. Wọ́n wà ní Kánò pẹ̀lú ẹrù obì.

"Nǹkan obìnrin ni, Hàmdálátù. Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí i láti ibí?"

"Kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ."

"Jẹ́ kí n tajà yìí tán ná. Ìparí oṣù, mo ti dé."

Tọ́sìdè, 16 oṣù kìíní

Mi ò tíì ṣe irú èyí rí. Mo lọ bá Ìyá Áfáà ní Ọ̀fin, àwọn ló ń kọ́ Màámi àti ẹgbẹ́ wọn ní kéú. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Mo ní ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Ìyá Áfáà gbọ́ mi tán, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó wá lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Kì í dí ìrun lọ́wọ́, kì í dí ààwẹ̀ lọ́wọ́. Kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ wẹ̀, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun. Lẹ́yìn náà kó lọ rí dókítà." Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Bá mi kí Ìyá Lìádì."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Màámi bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo rò pé wọn yóò na mí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì. Obì tó wà lọ́wọ́ wọn bọ́.

"Ìrun tí mo fi sílẹ̀ yìí mà pọ̀ o," ni wọ́n wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún, Hàmdá. Mo sì rò pé mò ń pa òfin mọ́ ni."

Wọn ò mẹ́nu ba àìsàn ara wọn. Ìrun ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì yẹn, obìnrin ni àbí?"

Jímọ̀, 17 oṣù kìíní

Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Kò pẹ́. Ojú nọ́ọ̀sì ni mò ń wò nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò sì wo tèmi. Wọ́n kọ̀wé fún wa láti mú lọ sí ọsibítù ńlá.

Màámi kírun àyìlá lórí ìjókòó nílé ìlera, kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ.

Túsìdè, 21 oṣù kìíní

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ara wọn sì balẹ̀ díẹ̀.

"Mà, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀?"

"Kò tíì pẹ́. Oṣù tó kọjá."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Mo rí i tí bírò ń lọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Rámádánì tó kọjá ni, mà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Kò sì lọ pátápátá láti ìgbà náà."

Màámi yíjú sí mi. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń wò mí, wọn ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní, "Obì ni." Mo ṣàlàyé agolo fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ilà sórí ohun tó ti kọ, ó kọ òmíràn.

Wọ́n gé díẹ̀ lára ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Màámi di ọwọ́ mi mú títí èékánná wọn fi wọ̀ mí lára. Bí a ṣe ń jáde wọ́n ní, "O ti ń sọ̀rọ̀ báyìí." Mi ò mọ̀ bóyá ìbáwí ni.

Túsìdè, 28 oṣù kìíní

Èsì kò tíì dé. A ṣa agbọ̀n mẹ́rin. Kò sí èyí tó lu.

Tọ́sìdè, 30 oṣù kìíní

Jẹjẹrẹ ni. Ẹnu ilé ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà sọ pé ó ti kúrò lójú kan, ó ti ń nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì lọ jìnnà. Iṣẹ́ abẹ kò lè kó o mọ́. Iná ni wọn yóò fi jó o, ní Èkó, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú oògùn tí wọn yóò máa fà sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà nírú ipò yìí ló ń yè é, bí wọ́n bá gba ìtọ́jú náà parí.

Màámi bèèrè pé, "Ọmọ mi, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Tó bá jẹ́ pé mo wá nígbà tí mo ju obì àkọ́kọ́ sí agolo ńkọ́?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Ì bá rọrùn ju báyìí lọ, mà."

Wọ́n mi orí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò purọ́ fún mi." Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé ní Ìbídò, wọ́n ní, "Ulé ọmọ tó gbé ẹ̀yin mẹ́ta."

Sọ́ńdè, 2 oṣù kejì

Bọ̀dá Lìádì dé pẹ̀lú ìgò àgbo mẹ́ta tí ẹnì kan júwe fún wọn. Wọ́n ní ẹni náà ti wo ẹni mẹ́wàá sàn. Mo bèèrè orúkọ ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n ní mo ti ń fojú di àgbà.

Màámi gba àwọn ìgò náà, wọ́n dúpẹ́. "Fi wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Lìádì. Tí mo bá ti Èkó dé, mo máa mu ún."

Bọ̀dá sunkún lẹ́yìn ilé obì. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, mo sì padà sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi.

Wẹ́sìdè, 5 oṣù kejì

Èkó. A jí ní aago mẹ́rin, a dé ibẹ̀ ní mẹ́jọ. Ọkọ̀ láti Ṣàgámù ti di ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí kan.

Obìnrin mọ́kànlélógún ló wà lórí bẹ́ǹṣì ṣáájú wa. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbẹ́ mi ni obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú wà. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé wá, àfi ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ fún ìyá náà, tó sì wọlé. Nọ́ọ̀sì tó ń pín káàdì sọ pé tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló tó fún aláìsàn irú èyí. Báyìí ojoojúmọ́ ni, kò sì gbà wọ́n.

Màámi wo gbogbo bẹ́ǹṣì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo agbọ̀n. Wọ́n ní, "Gbogbo wa yìí? Kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì."

Wẹ́sìdè, 19 oṣù kejì

Wọ́n sàmì sí Màámi lára, ìbàdí àti ikùn, níbi tí iná yóò ti máa wọlé. Wọn ò gbọdọ̀ fi kànrìnkàn ha á. Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.

Sátidé, 22 oṣù kejì

Àlájà Moríyọ̀ gbọ́. Wọ́n wá, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọkọ lọ́jọ́ yẹn.

"Èmi ni mo kí yín kú oríire, Ìyá Lìádì. Mo bá yín rẹ́rìn-ín sí i."

"Èmi náà bá ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ má dárí jì mí báyìí. Ẹ jẹ́ kó dùn mí ná."

Màámi ní, "Tó bá dùn ẹ́, dìde kó o lọ bá nọ́ọ̀sì kó yẹ ìwọ náà wò."

Àlájà Moríyọ̀ gbá aṣọ wọn mọ́ra. "Èmi? Kò sí ohun tó ń ṣe mí."

"Kò sí ohun tó ń ṣe èmi náà. Mò ń di ọ̀dọ́ ni."

Jímọ̀, 28 oṣù kejì

Wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la ni ààwẹ̀.

Ìjà la fi ọjọ́ òní jà. Màámi ní àwọn ti mọ̀ báyìí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò dí ààwẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà àwọn yóò gbà á. Mo ní dókítà ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ mu omi púpọ̀, pé oògùn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ lára ẹni tí kò mumi. Wọ́n ní ọdún kan gbáko ni àwọn fi mu omi nígbà tí kò yẹ. Mo tẹ Ìyá Áfáà láago, mo sì gbé fóònù sí wọn létí. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún Màámi. Mo gbọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìṣáì, wọ́n ní kí n gbé agolo wá. Wọ́n da obì méje àtijọ́ sórí ààtàn, wọ́n fọ agolo náà, wọ́n gbé e sí iná kó gbẹ. Wọ́n ṣa obì tuntun méje láti inú agbọ̀n tó dára jù, wọ́n fi ewé wé e.

"Ọjọ́ tí mo bá jẹ, obì kan," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo máa máa yẹ̀ wọ́n wò. Mi ò fẹ́ kí n ṣí i kí n bá kòkòrò nídìí ohun tí mo ṣèlérí fún Ọlọ́run."

Mọ́ńdè, 3 oṣù kẹta

Iná àkọ́kọ́. Wọ́n ní kò ta wọ́n, pé ẹ̀rọ náà kàn ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Mo jókòó síta pẹ̀lú omi ìgò méjì. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń gba ààwẹ̀ àbí wọ́n ń díbọ́n. Màámi lọ mu omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Jímọ̀, 7 oṣù kẹta

Iná márùn-ún. Oògùn ti ọ̀sẹ̀ yìí mú wọn bì láti Bẹ́gà títí dé Símáwà. Awakọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹta, kò bínú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà gba oògùn yẹn. Mi ò bi í bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wà.

Obì inú agolo, mẹ́rìnlá.

Tọ́sìdè, 13 oṣù kẹta

Ẹ̀rọ iná bàjẹ́ láti àná. Wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ẹ̀rù ọjọ́ méjì tí wọn ò fi gbà á yìí ló ń bà mí, ṣùgbọ́n Màámi sùn lọ́sàn-án fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ṣí agolo, mo pààrọ̀ ewé. Kò sí èyí tó lu.

Mọ́ńdè, 17 oṣù kẹta

Ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Awọ ìbàdí wọn ti dúdú bí ẹni tí oòrùn pa. Láàárọ̀ yìí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́.

"Mẹ́jọ ni mo ti gbà. Ó tó."

Mo gbé agbọ̀n obì kan tí mo ṣà dé ìdajì wá síwájú wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi bò ó báyìí, ká gbé e fún oníbàárà."

"O ò tíì ṣà á tán."

Mo dúró. Wọ́n wo agbọ̀n. Wọ́n wò mí. "Ojú ẹ ti là jù," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ kí n fà wọ́n dìde. A pẹ́ dé Èkó, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Tọ́sìdè, 20 oṣù kẹta

Àlájà Moríyọ̀ lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́. Wọ́n fi ìborùn bo ojú bí olè, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni ìyàwó àbúrò ọkọ wọn, tí òun náà fi ìborùn bojú. Wọ́n rí nǹkan kékeré kan lára Àlájà. Kò tíì di jẹjẹrẹ. Ní Mọ́ńdè wọn yóò fi nǹkan tútù pa á níbẹ̀, kí wọ́n tó lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Màámi gbọ́. Mò ń wò wọ́n bóyá yóò dùn wọ́n pé ọ̀rẹ́ wọn bọ́ lọ́wọ́ ohun tó mú wọn. Wọ́n ní, "Alhamdulillahi. Ó kéré tán ẹnì kan rí i nígbà tó wà ní ara èèpo."

Wẹ́sìdè, 26 oṣù kẹta

Iná mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Àlájà Moríyọ̀ gbé abọ́ oúnjẹ ìṣínu wá. Wọ́n rí agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí ni Màámi tún ń dá ara wọn láàmú sí. "Ẹ fi oúnjẹ bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Lìádì, ó tán. Èmi gan-an yóò sè é. Ẹ̀sìn fi àyè gbà á."

Màámi rọra gbé ara wọn lé ìgúnwọ́. "Ó fi àyè gbà á fún ẹni tí kò ní lè gbààwẹ̀ mọ́ láyé. A jọ wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Áfáà ń kọ́ wa. Aláìsàn tó ń retí pé ara òun yóò yá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án."

Àlájà ṣí ìdérí abọ́ tí wọ́n gbé wá.

"Ṣé o ti rí i lójú mi pé n kò ní gbààwẹ̀ mọ́ ni, Moríyọ̀?"

"Rárá o, Ìyá Lìádì."

"Ó dáa. Èwo lo fi se ọbẹ̀ yìí? Ó ń ta sánsán."

Sọ́ńdè, 30 oṣù kẹta

Ọdún. Màámi kírun lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè dé Yídì. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ààwẹ̀ ọdún yìí. Mo ka obì: mẹ́rìndínlógójì. Mo tún kà á kí ó lè dá mi lójú.

Tọ́sìdè, 10 oṣù kẹrin

Iná mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n parí. Ó ku iná tí wọ́n ń ti inú ara fi sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Túsìdè, 29 oṣù kẹrin

Ti inú náà parí. Èyí le ju gbogbo tó kù lọ, Màámi ò sì fẹ́ kí n kọ ọ́. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Ṣàgámù òjò ń rọ̀. Wọ́n dúró nínú rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́.

Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, mi ò rí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Wẹ́sìdè, 14 oṣù karùn-ún

Lọ́dún bíi méjì sẹ́yìn, Kareemat mú ìwé kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ pé wọ́n fẹ́ gún àwọn ọmọbìnrin lábẹ́rẹ́ àjẹsára tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ yìí mú wọn. Màámi ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ àwọn di àgàn. Mo ka ìwé náà nígbà yẹn. Mo lóye rẹ̀. Mo fi í di èkùrọ́ tó wà lórí tábìlì.

Lónìí Màámi ló mú Kareemat dání lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń fún. Ó béèrè bóyá yóò ta òun.

"Yóò ta ẹ́ ní ìṣẹ́jú kan," ni Màámi dá a lóhùn. "Mo ti gba tèmi fún ẹ."

Wẹ́sìdè, 11 oṣù kẹfà

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ ti dá láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ní ohun tó rí tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ya sikáànì, ìgbà yẹn la ó tó mọ̀. Kò fẹ́ sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Màámi bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé mo lè gbààwẹ̀ ọjọ́ kan?"

Dókítà wò mí. Mo ní mo máa wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹyọ kan, mà. Tí ó bá rẹ̀ yín, kí ẹ mu omi kíá."

Mọ́ńdè, 16 oṣù kẹfà

Mo fẹ́ jí wọn ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n ti jí ṣáájú mi, wọ́n ti ṣe àlùwàlá. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n mu omi ife mẹ́ta nítorí mo dúró tì wọ́n.

Ohun tí mo rí lónìí: ẹní ìkírun ní títẹ́ láti òwúrọ̀, wọn ò ká a. Omi nínú búta. Okùn ẹ̀yìn ilé obì, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Màámi níwájú agbọ̀n, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣa obì.

Láago méjì ojú wọn wọnú, mo gbé omi wá. Wọ́n ní kí n gbé e padà. Láago márùn-ún mo tún gbé e wá.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, Hàmdá. Òùngbẹ lásán. Ó pẹ́ tí nǹkan lásán ti ṣe mí gbẹ̀yìn. Jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀."

Mo jókòó tì wọ́n. A ṣà títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì. Wọ́n fi dàbínù kan ṣínu, wọ́n mu omi, wọ́n pa ojú dé. Lẹ́yìn ìrun wọ́n ní kí n gbé agolo wá. Mo tú ewé rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì, pupa, tútù, kò sí èyí tó lu nínú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ṣe é."

Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi èékánná là á sí awẹ́ méjì, wọ́n gbé awẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wò ó. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Ó korò. Omi tí mo mu lé e dùn.

Ó ku márùndínlógójì. Bí a bá fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ san án, yóò gbà wá kọjá ọdún tuntun. Mo sọ ìyẹn fún Màámi. Wọ́n ní, "Ó dára. Dì í padà." Mo fi ewé tuntun wé e, mo gbé agolo sórí pẹpẹ, mo ti ilẹ̀kùn ilé obì.

Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú.